Bí Ó Ti Yẹ Kí A Máa Gba Akéwì Ẹlẹgbẹ́ Wa Ní Ìyànjú



Kò ṣe àìmọ̀ fún gbogbo wa pé ewì kíkọ ti di ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa fẹ́ràn. Lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, bébà kan a máa ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó kọ ọ́ a sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí kò bìkítà, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu àwọn tí ń kà á. Ohun tí ó yẹ kí a sọ ní àkókò náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ kúkúrú yìí. A ti ṣe àkíyèsí pé ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀ jù láàárín wa. Èkíní ni, “Ó dára, o kú iṣẹ́”; èkejì ni ẹ̀rín. Àwa gbàgbọ́ pé kò sí èyí tí ó ran akéwì lọ́wọ́ nínú méjèèjì, àti pé ọ̀nà kẹta wà, èyí tí ó yẹ kí àwa tí a ń múra láti di olùkọ́ kọ́ dáradára.

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Kí ni akéwì ń fi ojú ẹlòmíràn ṣe?” Àwọn àgbà ti dá a lóhùn: ayẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tí ó kọ ewì ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó rò ni ó ń kà, kì í ṣe ohun tí ó kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ni ó lè rí ibi tí ọ̀nà náà gbé yà. Ṣùgbọ́n bí ẹni ẹ̀yìn náà bá kàn ń rẹ́rìn-ín, ayẹ̀nà yóò gbé àdá rẹ̀, yóò sì lọ sílé.

1. Ohun tí a lè rí kọ́ lọ́dọ̀ àwọn àgbà

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn baba wa ń ṣe kí ìwé tó dé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni a ń sọ níhìn-ín, bí kò ṣe ọgbọ́n ìkọ́ni. Bí babaláwo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn awo, àwọn tí ó yí i ká a máa gbè é ní ìparí gbólóhùn bí ó bá wí i bí ó ti yẹ. Bí ó bá ṣì í wí, wọn a dá a dúró kí ó tún un ṣe. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí a fi lé e lọ́wọ́ ni ẹsẹ Ifá jẹ́. Ojúṣe rẹ̀ ni láti wí i gẹ́gẹ́ bí ó ti gbà á.

Ti ìjálá kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Adébóyè Babalọlá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1966, ṣàlàyé pé níbi tí àwọn oníjàálá bá péjọ sí, ọ̀kan lè dá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́kun láti sọ fún un pé ó ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá wí náà ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Ó lè fi ohùn ìjálá gbèjà ara rẹ̀, kí ó sì fi hàn pé òun mọ ohun tí òun ń wí.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí fàyọ. Èkíní, àwọn baba wa kò ka àtúnṣe sí ọ̀tá orin. Níwájú gbogbo ènìyàn ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹni tí a tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kò sì di ẹni ẹ̀gàn. Èkejì, wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ewì tí ọ̀rẹ́ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ kì í ṣe ẹsẹ Ifá. Kò sí ògbólógbòó kan níbìkan tí a lè gbé e kà pẹ̀lú rẹ̀ kí a tó mọ̀ pé ó ṣì í. Nítorí náà, kí a tó dá a lẹ́jọ́, ó di dandan kí a bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Bí a kò bá mọ ibi tí ènìyàn ń lọ, báwo ni a ṣe lè sọ fún un pé ó ti ṣìnà?

2. Òṣùwọ̀n tí kì í ṣe tiwa

Àwọn kan nínú wa a máa fi òṣùwọ̀n ewì Gẹ̀ẹ́sì wọn ewì Yorùbá. Wọn a ní, “Ìparí ìlà rẹ kò dún bákan náà,” tàbí, “Ìlà yìí gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ.” Ewì Yorùbá kì í sábà wá ẹwà rẹ̀ lọ sí ìparí ìlà nìkan. Nínú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà. Nínú àwítúnwí, nínú gbólóhùn méjì tí ó dojú kọ ara wọn, àti nínú bí èémí ti ń gbé ọ̀rọ̀. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ ti í yí padà nígbà tí a bá fi orin ìsìn tí a túmọ̀ sínú ohùn orin òyìnbó. Alùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, wà lára àwọn tí ó ṣe orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá mu. Bí a bá fẹ́ ran akéwì lọ́wọ́, etí Yorùbá ni kí a fi gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Dénrelé Ọbasá pẹ̀lú, ẹni tí ó dá ìwé ìròyìn Yoruba News sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1924, tí ó sì ń tẹ ewì sínú rẹ̀. Ìwé ewì mẹ́ta ni ó tẹ̀ jáde, ní 1927, ní 1934 àti ní 1945. Púpọ̀ nínú ohun tí ó kó jọ sínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀. Òun tò wọ́n, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Kò kẹ́gàn ọ̀rọ̀ nítorí pé ẹni tí ó sọ ọ́ kò lórúkọ. Ọkàn irú èyí ni ó yẹ kí a fi gba bébà lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ wa.

3. Ohun tí a rí ní Gberefu

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí gbé kan àwa olùkọ́ jù ni inú kíláàsì. Nígbà tí a lọ kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni ní etíkun Àgbádárìgì, ọkọ̀ ojú omi gbé wa sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu. Ilẹ̀ iyanrìn àti àgbọn ni; ọ̀sà wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, òkun sì wà ní iwájú. Ọ̀nà tí a ń mú àwọn ẹni tí a kó lẹ́rú gbà lọ sí etí òkun wà níbẹ̀, pẹ̀lú òpó méjì tí ó tẹ̀ sí ara wọn fún ìrántí wọn. Ní òdìkejì ọ̀sà ni Àgbádárìgì gan-an wà, níbi tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní 1843, níbi tí Samuel Àjàyí Crowther pẹ̀lú sì gbé ní 1845 títí wọ 1846 kí ó tó lọ sí Abẹ́òkúta. Ègùn ni èdè ilé ọ̀pọ̀ ọmọ ní agbègbè yìí. Ilé-ẹ̀kọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kọ́ bí a ti í kọ Yorùbá sílẹ̀.

Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì karùn-ún kọ ewì nípa bàbá rẹ̀ tí ń gun ọ̀pẹ. Kò fi àmì ohùn kankan sí i. Ọmọ tí ó jókòó tì í gba ìwé náà, ó sì kà á sókè pé bàbá gbé igbá kọ́ èjìká. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín; ẹnìkan sì ní, “Ègùn kò gbọ́ Yorùbá.” Ọmọ náà na ọwọ́ láti gba ìwé rẹ̀ kí ó fà á ya.

Ìyá olùkọ́ tí ó ni kíláàsì náà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ kà á fún wa.” Ọmọ náà kà á, ohùn rẹ̀ sì tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: igbà ni bàbá gbé kọ́ èjìká, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Olùkọ́ ní, “Ìlà tí o ti wí pé igbà ń ké lára ọ̀pẹ, mo gbọ́ igbe náà. Tún un kà.” Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí ara pátákó: igba, igbá, ìgbà, igbà, ó sì bi gbogbo kíláàsì léèrè èyí tí bàbá gbé. Ó fi ẹfun lé ọmọ náà lọ́wọ́ kí ó fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ náà mú ewì mìíràn wá, ó sì ti fi àmì sí i.

Ẹ kíyè sí ohun tí olùkọ́ yìí ṣe. Kò sọ pé ewì náà kò ní àléébù. Ó wá ibi tí àléébù náà wà gan-an, ó sì rí i pé orí ìwé ni ó wà, kì í ṣe ní etí ọmọ náà. Ègùn pẹ̀lú jẹ́ èdè tí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ń sọ ọ́ kò di etí sí ohùn. Bí a bá ti jẹ́ kí ẹ̀rín náà dúró bí ìdájọ́, ọmọ náà ìbá gbà pé èdè yìí kì í ṣe tòun, kì bá sì kọ nǹkankan nínú rẹ̀ mọ́ ju ohun tí a bá fi ipá mú un kọ.

4. Ọ̀nà tí a dábàá

A ṣe ìlà mẹ́rin wọ̀nyí fún ẹ̀kọ́ yìí, kí a lè fi dán ọ̀rọ̀ wa wò:

Òkun ń hó, ọ̀sà dákẹ́;
Òkun ń bínú, ọ̀sà ń rẹ́rìn-ín;
Gberefu jókòó sí àárín àwọn méjèèjì,
Ó lẹ́wà púpọ̀, ó sì dára gidigidi.

Bí a bá wí pé “Ó dára,” akéwì kò ní mọ ìlà tí a fẹ́ràn. Bí a bá wí pé “Èyí kì í ṣe ewì,” kò ní mọ ohun tí yóò tún ṣe. Ọ̀nà tí a dábàá ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin.

Èkíní, kí a kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì kí a tó lanu sọ ohunkóhun. Ewì tí a fi ojú nìkan kà, ìdajì rẹ̀ ni a kà.

Èkejì, kí a tọ́ka sí ibi tí ó dúró, kí a sì sọ ìdí rẹ̀. “Ìlà kìíní àti ìkejì dojú kọ ara wọn, òkun àti ọ̀sà di ènìyàn méjì tí ìwà wọn kò bára mu. Ní ìlà kẹta, o mú kí ilẹ̀ jókòó bí ọmọ.” Ìyìn tí ó ní àdírẹ́sì nìyí, akéwì mọ ibi tí yóò padà sí.

Ẹ̀kẹta, kí a mú àléébù kan ṣoṣo, èyí tí ó tóbi jù, kí a sì fi ìbéèrè gbé e kalẹ̀. “Ìlà kẹrin sọ fún wa pé ó lẹ́wà. Kí ni o rí tí o fi mọ̀ pé ó lẹ́wà?” Bí a bá ka àléébù mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní rántí ju ìtìjú lọ.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi àtúnṣe sílẹ̀ fún ẹni tí ó ni ewì. Bí a bá bi akéwì wa ní ìbéèrè yẹn, ó lè ronú kí ó sì kọ pé, “Bí ọmọ tí ń gbọ́ ẹjọ́ bàbá àti ìyá.” Ìlà yìí wá láti inú ìlà kẹta tirẹ̀; kò sí nínú wa tí ìbá fún un. Bí a bá ti fi ìlà tiwa rọ́pò rẹ̀, ewì wa ni yóò dà.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ewì kan yóò wà tí a kò rí ìlà kan tí ó dúró nínú rẹ̀. Kí a má ṣe purọ́. Ìyànjú kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹni tí a bá fi irọ́ yìn yóò mọ̀ ní ọjọ́ tí ó bá kà á níwájú àwùjọ, kò sì ní gbà wá gbọ́ mọ́. Kí a bi í léèrè pé, “Kí ni ó mú ọ kọ èyí?” Nígbà púpọ̀, ohun tí yóò fi ẹnu sọ ní ìdáhùn yóò dára ju ohun tí ó kọ lọ. Kí a sọ fún un pé, “Lọ kọ èyí tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn.” Bí ọ̀rọ̀ náà bá sì jẹ́ ti ọ̀fọ̀ tàbí ti ìbànújẹ́, irú bí ewì tí ènìyàn lè kọ nípa ọ̀nà àwọn ẹrú ní Gberefu, kí a kọ́kọ́ bá a dákẹ́ díẹ̀, àmì ohùn lè dúró di ọ̀la.

Ẹni tí a ń gbà ní ìmọ̀ràn pẹ̀lú ní ojúṣe tirẹ̀. Kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kí ó tó dáhùn. Bí ó bá mọ ìdí tí ó fi kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó sọ ọ́ bí oníjàálá, láìbínú. Bí kò bá mọ ọ́n, kí ó mú ewì náà lọ sùn tì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, láìpẹ́ a ó tú ká, olúkúlùkù sí ilé-ẹ̀kọ́ tí a bá rán an lọ. Àwọn ọmọ yóò mú bébà wá fún wa, èdè ilé wọn yóò sì yàtọ̀ síra. Kò sí ẹni tí ó lè fi sùúrù ka ti ọmọdé bí kò bá ti kọ́ láti fi sùúrù ka ti ọ̀rẹ́ rẹ̀. Yinni yinni, kí ẹni ó ṣe mìíràn, ni àwọn àgbà wí. Kí a sì máa fi ìka tọ́ka sí ohun tí a ń yìn, kí ẹni náà lè mọ èyí tí yóò tún ṣe.