Ẹ̀gbọ́n àti Àbúrò Lẹ́nu Ọmọ Yorùbá ní Bouaké

Ní 1912 ni ojú irin láti Abidjan dé Bouaké, ìlú náà sì di ojúkò òwò. Àwọn Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, wà lára àwọn tí ń tajà níbẹ̀. Ànàgó ni a mọ̀ wọ́n sí. Faransé ni àwọn ọmọ wọn fi ń kẹ́kọ̀ọ́, Júlà ni wọ́n ń gbọ́ lọ́jà.

Orúkọ ìbátan ni ó yẹ kí olùkọ́ wọn kíyè sí jù. Frère àti sœur ń sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni náà. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ń sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ayé. Ọmọ tí ó bá fi ètò Faransé sọ Yorùbá lè wí pé "ọmọ ìyá mi ọkùnrin". Kò sí àbùkù gírámà níbẹ̀, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ bóyá "ẹ" ni yóò fi bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ tàbí "o". Ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré nínú agbo ilé.

Júlà lè ran olùkọ́ lọ́wọ́ ju Faransé lọ. Kɔrɔ ni ẹ̀gbọ́n, dɔgɔ ni àbúrò. Bí wọ́n bá fẹ́ fi akọ tàbí abo hàn, wọn a fi kɛ tàbí muso kún un, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń sọ pé "ẹ̀gbọ́n mi obìnrin". Ọmọ náà ti mọ ètò yìí láti ọjà.

Ti ìpè kò le tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà lè pe ìyá ní "yèyé", kí ó pe ilé ní "ulé". Ẹ̀ka èdè ni, kì í ṣe àṣìṣe. Kí olùkọ́ kọ méjèèjì sójú pátákó, kí ó sì béèrè ẹni tí ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé.