Ológbò: Ṣé Inú Ilé ni Ààyè Rẹ̀, àbí Ìta Gbangba?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn á ní, ‘Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ ológbò ni ọ̀gbẹ́ni yìí rí gbé wá?’ Ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ológbò ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ilé tí mo ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ rú ní sáà tí ó kọjá.

Yàrá mẹ́jọ ni ó wà nínú ilé náà. Hàjíyà onílé wa ní abo ológbò kan, aláwọ̀ eérú, tí ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mejì lójú wa. Lọ́sàn-án, ẹnu ọ̀nà Hàjíyà ni ó máa ń sùn sí. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á gba orí ògiri lọ, ó di òwúrọ̀ kí a tó tún fojú kàn án. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan, tí n kò ní dárúkọ, ní òun ń gbọ́ tí ó ń ké bí ọmọ ìkókó lóru, àti pé ológbò tí ó bá ń ké báyẹn kì í ṣe ojú lásán. Nígbà tí ó yá, a rí i tí ó ra oògùn eku wálé, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe eku ni ó ní lọ́kàn. Ẹnì kan ní kí Hàjíyà kúkú máa ti ológbò rẹ̀ mọ́lé tọ̀sán-tòru. Ẹlòmíràn fèsì pé ta ni ó ń ti ológbò mọ́lé, ṣé adìẹ ni? Hàjíyà fúnra rẹ̀ rán wa létí hádíìsì tí àwọn Mùsùlùmí mọ̀ dáadáa, pé ológbò kì í ṣe ẹlẹ́gbin, ó wà lára àwọn tí ń rìn yí wa ká. Alfa kékeré tí ó wà ní yàrá kejì dá a lóhùn pé, ‘Yí wa ká ni, Hàjíyà, kì í ṣe orí òrùlé aládùúgbò.’ Èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà wò. Ohun tí mo rí nìyí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹranko tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ajá ti wà pẹ̀lú ènìyàn láti ìgbà tí ènìyàn ṣì ń fi ọdẹ ṣíṣe jẹun. Ti ológbò kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí dáko, tí ó ń kó ọkà jọ sínú àká ní agbègbè Ìlà-Oòrùn tí ó súnmọ́ Íjíbítì, ni eku dé síbẹ̀, ológbò inú igbó sì tẹ̀lé eku wá. Ológbò inú igbó ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ni baba ńlá gbogbo ológbò ilé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìran wọn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2007 fi èyí hàn. Ní erékùṣù Cyprus, àwọn awalẹ̀pìtàn rí sàréè kan tí ó ti tó nǹkan bí 9,500 ọdún, níbi tí wọ́n sin ènìyàn sí, tí wọ́n sì sin ológbò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ológbò kò wá sìn wá. Ohun tí ó ń jẹ ni ó bá wá, ó sì jókòó. Ẹni tí ó bá ń retí pé kí ó máa gbọ́ràn bí ajá, òun ni ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Igbe òru ńkọ́? Abo ológbò lè bẹ̀rẹ̀ sí wá akọ láti ìgbà tí ó bá ti pé oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí ara bá ti ń fún un, á máa ké ṣáá; akọ tí ó bá gbọ́ á dá a lóhùn; bí akọ bá pé méjì, ìjà dé. Kò sí àjẹ́ níbẹ̀. Oyún rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ, ó sì lè bímọ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan. Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò, kí ẹ lè mọ bí ológbò kan tí ń rìn kiri ṣe ń di ogún.

Ohun tí ó dá àwọn òyìnbó níjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ẹyẹ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2013 fojú díwọ̀n rẹ̀ pé àwọn ológbò tí ń rìn kiri ń pa ẹyẹ tí ó tó bílíọ̀nù 1.3 sí bílíọ̀nù 4 lọ́dọọdún, àwọn tí kò sì ní olówó ni wọ́n ń pa èyí tí ó pọ̀ jù. Ní erékùṣù Stephens ní New Zealand, ẹyẹ kékeré kan wà tí kò lè fò. Ọdún 1894 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo ilé iná atọ́nà ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀, ológbò sì bá àwọn ènìyàn dé. Kò pẹ́ rárá tí ẹyẹ náà fi parun. Wọ́n máa ń pa á nítàn pé ológbò kan ṣoṣo ni ó jẹ ìran ẹyẹ náà tán, ṣùgbọ́n wọ́n ju ẹyọ kan lọ. Ní Canberra, olú-ìlú Australia, òfin ni pé ológbò tí wọ́n bá bí láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2022 kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọgbà olówó rẹ̀. Lọ́dún 2022 kan náà, ìlú Walldorf ní Jámánì pàṣẹ pé kí wọ́n ti ológbò mọ́lé títí di ìparí oṣù kẹjọ, torí ẹyẹ kan tí ń yé ẹyin sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ní Bìrìtìkó, ẹ̀wẹ̀, ìta ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń jẹ́ kí ológbò wọn lọ. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù lè ti gbọ́ nípa ihò kékeré tí wọ́n ń lù sára ilẹ̀kùn kí ológbò lè máa gba ibẹ̀ wọlé jáde.

Ṣé kí a wá gbé òfin Canberra wá síhìn-ín? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Erékùṣù tí kò rí ológbò rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀ tí ológbò igbó ti wà tipẹ́. Ẹyẹ ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ bí a ti ń sá fún un. Síbẹ̀, kì í ṣe pé ológbò ilé kì í pa ẹyẹ àti alángbá níhìn-ín. Ó ń pa wọ́n, kódà nígbà tí ó bá ti yó. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ torí ẹyẹ nìkan ni, n kì bá tí kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Ohun tí ó kàn wá ni eku. Àwọn àgbà ní bí ológbò bá ti kúrò nílé, ilé di ilé èkúté. Àwọn tí ó ní a kì í ti ológbò mọ́lé ni wọ́n sábà máa ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́ dáadáa: bí ológbò bá ti kúrò nílé. Òru ni èkúté ń jáde. Ìrọ̀lẹ́ àti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni ojú ológbò ń dá jù lọ. Ológbò Hàjíyà ń sùn lọ́sàn-án nígbà tí èkúté ń sùn, ó sì ń fi ilé sílẹ̀ gan-an nígbà tí èkúté ń jí. Kí ni à ń pe irú ọdẹ bẹ́ẹ̀?

Ọ̀rọ̀ eku kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ mọ ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní Borno pè é. Irú eku kan tí ó máa ń wọlé ènìyàn ni ó ń gbé e kiri, nípa ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ àti ohun èlò ilé. Lára ìmọ̀ràn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń fúnni ni pé kí a máa kó oúnjẹ sínú ohun tí eku kò lè wọ̀, kí a da pàǹtírí jìnnà sílé, kí ilé mọ́, kí a sì ní ológbò. Gààrí inú ọ̀rá tí a so ẹnu rẹ̀ sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ jọ̀wọ́, kò sí lára ohun tí eku kò lè wọ̀.

Ewu tí ń bẹ níta fún ológbò pọ̀: mọ́tò, alùpùpù, ajá, àti ọwọ́ ọmọ aráyé. Èyí tí ó ń dùn mí jù ni oògùn eku. Òmíràn nínú rẹ̀ kì í pa eku lójú ẹsẹ̀; eku tí ó jẹ ẹ́ lè wà láàyè fún ọjọ́ mélòó kan, tí á máa rìn gbọ̀jẹ̀gbọ̀jẹ̀. Irú eku bẹ́ẹ̀ ni ó rọrùn jù fún ológbò láti mú, májèlé inú rẹ̀ á sì wọ ara ológbò. Bí ẹ bá ń fi oògùn eku sílẹ̀ ní ilé tí ológbò wà, ẹ̀ ń pa ọlọ́pàá yín pẹ̀lú olè.

Ewu tún wà fún àwa náà. Àrùn dìgbòlugi kì í ṣe ti ajá nìkan. Lóòótọ́, ọ̀dọ̀ ajá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ti ń kó o, ṣùgbọ́n ajá tí ó ní in lè bu ológbò jẹ lójú pópó, kí ológbò náà sì gbé e wálé. Bí àrùn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Bí ológbò tí o kò mọ̀ bá bù ọ́ jẹ tàbí ó ya ọ́ ní èékánná, fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí o sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Má ṣe fi ata sí i, má ṣe dúró de ọjọ́ tí ìdánwò máa parí. Kòkòrò àìfojúrí kan tí ń jẹ́ Toxoplasma tún wà, tí ológbò máa ń kó lára eku àti ẹyẹ tí ó bá jẹ. Inú ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbà jáde, ó sì lè ṣe oyún inú aboyún níjàǹbá. Ó máa ń tó ọjọ́ kan ó kéré tán kí ìgbẹ́ náà tó lè ranni, nítorí náà ẹni tí ó bá ń kó o lójoojúmọ́ ti dín ewu kù. Kí aboyún má ṣe dá a láṣà láti kó o.

Ní ti èrò tèmi, títì mọ́lé tọ̀sán-tòru kò bá irú ilé tiwa mu. Yàrá kan ṣoṣo, fèrèsé tí kò ní nẹ́ẹ̀tì, ooru oṣù kẹrin lókè Ọya níhìn-ín: ìyà ni a fi ń jẹ ẹranko náà. Ìrìnkèrindò òru ni kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó máa yáàrùn lágbàlá lọ́sàn-án. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́, fún un lóúnjẹ nínú ilé ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kí o sì ti ilẹ̀kùn. Ebi ni yóò máa mú un wálé, kì í ṣe ìpè rẹ. Fi iyanrìn sínú páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀, gbé omi kalẹ̀, kí o sì fún un ní igi tí yóò máa ya lékàn-án kí ó má baà kọjú sí àga rẹ. Yóò ké fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Jẹ́ kí ó ké. Lẹ́yìn náà, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran fún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n tẹ akọ lọ́dàá, kí wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún abo kí ó má bímọ mọ́. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í rìn jìnnà mọ́, ìjà rẹ̀ á sì dínkù. Àwọn yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣègùn ẹran, bíi ti Zaria, Maiduguri, Sokoto, Nsukka àti Ìbàdàn, kò jìnnà púpọ̀ sí ẹni tí ó bá fẹ́ béèrè.

Mo ro gbogbo èyí fún Hàjíyà nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ilé-ìwé ni mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti pe ìrun mọ̀gáríbì, inú yàrá tí ó ń kó jéró àti ẹ̀wà sí ni ó ń ti ológbò rẹ̀ mọ́. Àwa márùn-ún ni a dáwó iṣẹ́ abẹ. A kò gbọ́ igbe mọ́ lóru. Ẹni tí ó ra oògùn eku kò dá owó, kò sì tíì gbà pé ológbò lásán ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, èkúté gé ìwé tí ó kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí jẹ, ó sì wá bi mí wúyẹ́wúyẹ́ bóyá Hàjíyà lè yá òun ní ológbò náà mọ́jú ọjọ́ kan.