Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Lọ́jọ́ Ìdíje

Òǹkàwé kan kọ̀wé láti Ìpájà: “Bí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń gbá gọ́ọ̀fù ní GRA Ìkẹjà, agbára káká ni wọ́n fi ń borí mi. Àmọ́ bó bá ti di ìdíje, àyà mi á máa já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, bọ́ọ̀lù tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ihò á fò ó. Ẹnìkan ní kí n máa lo propranolol. Ṣé kí n lò ó?”

Ẹ má lò ó. Oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Òótọ́ ni pé ó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù. Ìdí nìyẹn tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń dènà fífi oògùn ṣe màgòmágó nínú eré ìdárayá, fi ka irú rẹ̀ léèwọ̀ fún ẹni tó bá ń díje nínú gọ́ọ̀fù. Bí ẹni tó ní asthma bá gbé e mì, èémí lè há mọ́ ọn láyà. Ká tiẹ̀ ní kò léèwọ̀, n kò ní fọwọ́ sí i, torí pé àyà tó ń lù kìkìkì kọ́ ló ń mú bọ́ọ̀lù yín fo ihò. Èròjà adrenaline ló ń mú ọkàn sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé inú iṣan, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń rí bí inú èèyàn bá dùn gan-an. Ní 2014, Alison Wood Brooks ti Yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí kan jáde: àwọn tó sọ fún ara wọn pé ara àwọn ti yá gágá kí wọ́n tó kọrin, tàbí kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ láwùjọ, ṣe dáadáa ju àwọn tó ń rọ ara wọn pé kí ọkàn àwọn balẹ̀ lọ.

Ibi tí èrò yín ń lọ ni wàhálà wà. Sian Beilock, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn tó mọ gọ́ọ̀fù gbá máa ṣọ́ bí ọwọ́ wọn ṣe ń lọ. Wọ́n gbá a burú ju ìgbà tí wọ́n fún wọn ní nǹkan mìíràn tẹ́tí sí lọ. Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ yàtọ̀, òun ní láti ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Onílù tó bá ń wo ìka ara rẹ̀ nígbà tí ijó gbóná, ìlù á dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹ fún èrò yín níṣẹ́ kan ṣoṣo: ẹ mí síta díẹ̀díẹ̀, ẹ tẹjú mọ́ ojú kan lẹ́yìn bọ́ọ̀lù títí igi á fi kàn án, kí ẹ gbá a láìtún rò ó. Nígbà ìgbáradì, ẹni tó bá pàdánù ni kó ra mineral fún gbogbo yín, kí ìpayà má baà ṣàjèjì sí yín lọ́jọ́ ìdíje. Ẹ sì tètè kúrò nílé o. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájà ti mú orí rẹ̀ gbóná, tó wá mu energy drink lé e, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa gbọ̀n kó tó dé Ìkẹjà.

Ẹlòmíràn á ní akọni kì í gbọ̀n. Kó wo Rory McIlroy, ìlúmọ̀ọ́ká nínú gọ́ọ̀fù. Ní ìdíje Masters 2011, àmì 4 ló fi ṣíwájú kí ọjọ́ ìkẹyìn tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 80 lọ́jọ́ náà, gbogbo rẹ̀ dojú rú. Lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, ó fi àmì 8 gba ìdíje US Open. Ní Masters 2025, bọ́ọ̀lù bí ẹsẹ̀ bàtà 5 tí ì bá fi borí lójú ẹsẹ̀ fo ihò kejìdínlógún. Òun àti Justin Rose, tí àmì wọn dọ́gba, padà sí ihò kan náà, ó sì borí. N kò gbà pé ẹ̀rù ti tán lára rẹ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tí bọ́ọ̀lù fo ihò ló yàtọ̀.

Àmọ́ bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n nílé pẹ̀lú, tí ẹ ń rù, tí àyà ń lù nígbà tí ẹ jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti gọ́ọ̀fù. Ó lè jẹ́ pé thyroid inú ọrùn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ lọ sí General Hospital Alimọ́ṣọ́ ní Ìgándò, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò. Bí dókítà ibẹ̀ bá wá kọ propranolol fún yín, ẹ lò ó bó ṣe wí, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ ń díje, torí àwọn alákòóso lè béèrè ìwé àṣẹ.