Bí A Ṣe Lè Yan Ṣájà Mọ́tò fún Fóònù àti Táblẹ́ẹ̀tì

Omi ti lé wa kúrò nílé, iná kò sì tíì padà sí ọ̀pọ̀ àdúgbò. Àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Fóònù la fi ń wá àwọn èèyàn wa, òun la fi ń gbọ́ ìkìlọ̀ pé omi tún ń bọ̀, òun náà la ó sì fi pe 112 bí ewu bá dé. Bí mọ́tò kan bá wà láàárín wa, a lè rí iná gbà lára rẹ̀, tí a bá ra ṣájà tó dáa tí a sì mọ̀ ọ́n lò. Ṣájà tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n ń fi sínú ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

Kí la máa wò ká tó rà á?

Ẹ má wo bó ṣe ń dán. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni kí ẹ wò.

1. Níbi tí wọ́n kọ INPUT sí, ẹ wá 12–24V. Bátìrì mọ́tò kékeré jẹ́ 12V, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ńlá jẹ́ 24V. Ṣájà tó jẹ́ ti 12V nìkan lè jó nínú ọkọ̀ akẹ́rù.

2. Níbi OUTPUT, ẹ wo nọ́ńbà tó wà níwájú lẹ́tà A. 5V 1A tó fún fóònù kékeré. Táblẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ 2A tàbí 2.4A, lórí 1A, ó lè wà níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má kún. Ẹ má bẹ̀rù pé A tó pọ̀ máa ba fóònù jẹ́: ìwọ̀n tí fóònù fẹ́ ló máa gbà.

3. Bí ihò wáyà bá jẹ́ méjì, ẹ béèrè bóyá A tí wọ́n kọ jẹ́ ti ìkọ̀ọ̀kan tàbí àpapọ̀. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 2.4A, táblẹ́ẹ̀tì àti fóònù tó jọ wà lórí rẹ̀ kò ní tètè kún.

4. Ṣájà tó bá ń gbóná gan-an tàbí tó ń rùn, ẹ yọ ọ́ kíá.

Ẹ má jẹ́ kí mọ́tò kú

Ah ni wọ́n fi ń wọn iná tó wà nínú bátìrì. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000mAh máa ń gba nǹkan bí 2Ah lára bátìrì mọ́tò kó tó kún. Ọ̀pọ̀ bátìrì mọ́tò kékeré kò ju nǹkan bí 45Ah lọ. Bí fóònù mẹ́wàá bá gbaná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, mọ́tò náà sì lè má tan mọ́. Bí omi bá tún dé lóru ńkọ́? Mọ́tò yẹn kan náà la ó fi gbé àwọn àgbàlagbà àtàwọn ọmọdé sá. Torí náà, ẹ máa ṣájì nígbà tí mọ́tò bá ń rìn. Bó bá dúró sójú kan, kó má ju fóònù méjì lọ kí wọ́n tó tún wà á.

Ohun tó lè pani

Ẹ má tan mọ́tò tí omi ti bò. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì nínú gáréèjì tàbí nítòsí ibi tí èèyàn ń sùn, torí gáàsì kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tó ń pa èèyàn lójú oorun. Fóònù tó bọ́ sómi, ẹ má fi sórí iná títí yóò fi gbẹ dáadáa. Èyí tí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, ẹ má ṣájì rẹ̀ rárá.

Ẹ jọ sọ ọ́ nínú ìdílé

Mọ́tò ta ni a máa lò? Fóònù ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbaná lálẹ́ òní: ti aboyún, ti aláìsàn, àbí ti ẹni tó ṣì ń wá èèyàn rẹ̀? Ta ni yóò máa ka iye fóònù tó ti gbaná?