Ta Ló Ni Okùn Náà?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ oníbàárà báńkì ò rí owó fi ránṣẹ́. Ilé iṣẹ́ mìíràn ló ni okùn, àmọ́ báńkì ni wọ́n ń bínú sí.

Equiano, okùn Google tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní ọdún 2022, kò sí lára àwọn tó bàjẹ́.

Ọ̀dọ́ tó bá ń ṣiṣẹ́ báńkì ní Lomé, ìlú tí olú ilé iṣẹ́ Ecobank wà, kó fi ojú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ka gbogbo àdéhùn tí báńkì bá ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Kó bi ẹni tó ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ báńkì pé: ta ni ìwọ náà gbára lé? Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́, àmọ́ ilé iṣẹ́ méjì lè ta íntánẹ́ẹ̀tì fún báńkì kan kó jẹ́ okùn kan náà ni wọ́n ń lò. Ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Kó dán ọ̀nà kejì wò nígbà tí ara ṣì le. Kó sì mọ ẹni tó lè ṣí àkọsílẹ̀ oníbàárà, àti bí báńkì yóò ṣe gbà á padà bí àdéhùn bá parí.