Ajá Kékeré Inú Ìsọ̀: Ìwà Rẹ̀ àti Ìtọ́jú Rẹ̀

 

Ẹ̀kọ́ wa tọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ajá kékeré. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ajá kékeré tó ń sùn lábẹ́ kàńtà kì í ṣe ohun àjèjì mọ́. Ẹlòmíràn rà á fún ọmọ, ẹlòmíràn gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹlòmíràn sì fi ń ṣọ́ ẹrù. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mú lọ sílé ni pé: ajá lè kéré, ṣùgbọ́n jàǹbá eyín rẹ̀ kò kéré. Bí a bá kọ́ ọ, tí a sì fún un lábẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ ni. Bí a kò bá ṣe é, gbèsè la kó wọlé.

IRÚ AJÁ WO NI?

Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àmúlùmálà. Ìyá rẹ̀ lè jẹ́ ajá ilé wa tí gbogbo wa mọ̀, onírun kúkurú, tí ooru ilẹ̀ wa ti mọ́ lára. Bàbá rẹ̀ lè jẹ́ ajá òyìnbó onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní Lhasa Apso. Ilẹ̀ Tibet ní Éṣíà, níbi tí òtútù ti mú gan-an, ni Lhasa ti wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Búdà máa ń fi ṣọ́ inú ilé àdúrà wọn; bó bá ti gbúròó àlejò, á gbó. Ìdí nìyí tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ fi máa ń fura sí àlejò.

Ṣùgbọ́n nínú ọmọ ìyá kan náà, ọ̀kan lè jẹ́ jẹ́jẹ́, kí èkejì jẹ́ oníjàgídíjàgan. Ẹ wo ìwà ọmọ ajá kí ẹ tó mú un. Èyí tó ń sá wọ igun bó bá rí ènìyàn, ìbẹ̀rù wà lára rẹ̀. Ajá tó ń bẹ̀rù ló sì máa ń tètè bu ènìyàn jẹ. Ẹ mú èyí tó ń rìn wá bá yín fúnra rẹ̀. Ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ Ọ

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 14 ni ojú ọmọ ajá ń là sí ayé. Ohun tó bá rí nígbà náà, tí kò pa á lára, kò ní bà á lẹ́rù mọ́ tó bá dàgbà. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ariwo ẹ̀rọ ata, kó gbọ́ ìró ọ̀kadà, kí àlejò fọwọ́ pa á lórí. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 tí ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gbé èrò dé Mọ́níyà, ojú tuntun kò wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ajá tí kò mọ àlejò rí yóò lé oníbàárà lọ. Ṣùgbọ́n kó tó gba abẹ́rẹ́, ẹ má jẹ́ kó bá ajá ìgboro ṣeré.

Bó bá ṣe dáadáa, ẹ fún un ní ẹja bíńtín. Ẹ má fi igi lù ú. Ohun tó bàjẹ́ láàárọ̀, bí ẹ bá nà án nírọ̀lẹ́, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Yóò kàn máa bẹ̀rù yín ni. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé a kì í fọwọ́ kan ajá tó ń jẹun, tó ń sùn, tàbí tó ń fún ọmọ lọ́mú.

OÚNJẸ ÀTI ARA RẸ̀

Àmàlà tàbí ẹ̀kọ nìkan kò tó. Ẹ fi ẹja tàbí ẹran díẹ̀ sí i. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà, ṣokoléètì, tàbí egungun adìyẹ sísè, nítorí ó máa ń fọ́ ṣóńṣó, ó sì lè gún un ní ìfun. Kí omi tútù wà nítòsí nígbà gbogbo. Ajá kì í làágùn bíi tiwa, ahọ́n tó yọ síta ló fi ń tu ara rẹ̀. Ẹ má so ó mọ́ oòrùn, pàápàá onírun gígùn, ẹ sì máa ya irun náà.

Bí eégbọn bá wà lára rẹ̀, ẹ béèrè oògùn lọ́wọ́ dókítà ẹran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ọ̀tá-pia-pia sí i lára. Ajá a máa lá ara rẹ̀. Májèlé ni yóò lá.

DÌGBÒLUGI

Ibí ni ọ̀rọ̀ gbé wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dún, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ajá ló ń fa èyí tó pọ̀ jù, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ nínú àwọn tó ń bù jẹ. Itọ́ ajá kékeré àti ti ńlá, bákan náà ni.

Ẹ máa wo àmì wọ̀nyí: ajá jẹ́jẹ́ tó ṣàdéédé ń bínú, tàbí ajá oníjà tó dákẹ́ rọ́rọ́, itọ́ tó ń dà lẹ́nu, ohùn tó yí padà, oúnjẹ tí kò lè gbé mì. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì pa á jẹ. Ẹni tó ń kun ẹran náà lè kó o.

Ọmọ ajá tó pé oṣù 3 ti tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ilé ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò jìnnà bí ẹ bá gba Òjòó. Inú òtútù ni abẹ́rẹ́ ń gbé. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú oòrùn.

BÍ AJÁ BÁ BU ÈNÌYÀN JẸ

1. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata, epo tàbí kẹrosíìnì sí i.
2. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ ènìyàn ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbà á pé. Bí àmì àìsàn náà bá ti yọ lára ènìyàn, ẹ̀pa kò bóró mọ́.
3. Bí ẹ bá lè so ajá náà láìsí ewu, ẹ so ó, kí ẹ máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Bó bá ṣàìsàn tàbí tó kú, ẹ sọ fún dókítà kíá. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró de ọjọ́ 10 yẹn kí ẹ tó gba abẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: ajá tó wà nísọ̀ mi, ìgbà wo ló gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn? Ẹni tí kò bá rántí, kó fi ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án, tí í ṣe ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé, ṣe àmì rẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kò tó ohun tí à ń ná sórí ọmọ tí ajá bù jẹ. Ajá tó máa sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Kí tiwa má rí bẹ́ẹ̀ o. Ọjà á tà.