Àpótí Ìmọ̀: Alùpùpù Kékeré Tó Pẹ́ Nílẹ̀ Tí Kò Sítáàtì

Epo bẹntiróòlù kì í dúró bákan náà títí. Bí ó bá pẹ́ nínú kabúrétọ̀, èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á fẹ́ lọ, èyí tó kù á ki, á sì máa lẹ̀ bí oje igi. Ihò jẹ́ẹ̀tì tí epo ń gbà kọjá kò tó mìlímítà kan ní fífẹ̀, nítorí náà kì í pẹ́ dí. Alùpùpù tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀ lè tipa bẹ́ẹ̀ kọ̀ láì jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bàjẹ́.

Àpẹẹrẹ: Alùpùpù oníkabúrétọ̀ kan wà nílẹ̀ fún oṣù 4. Fóòtì 12.6 ni bátìrì rẹ̀ ní, sítátà sì ń yí ẹ́ńjìnnì dáadáa, síbẹ̀ kò jí. A tẹ sítátà lẹ́ẹ̀mẹta, a wá tú pọ́lọ́ọ̀gì wò. Ẹnu rẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí òórùn epo lára rẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ epo wà nínú táǹkì. A jẹ́ pé epo kò dé inú ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Kabúrétọ̀ ni ká tú, ká fọ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ká fa epo àtijọ́ kúrò, ká rọ tuntun.

Ká ní pọ́lọ́ọ̀gì tutù fún epo ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀: bóyá ó ń ta iná ni ká kọ́kọ́ wò.

Má ṣe fi wáyà líle gún ihò jẹ́ẹ̀tì. Bí ihò náà bá fẹ̀ sí i, epo á máa pọ̀ jù.